Ẹ́ńjìnì Dísù Tó Kọ̀ Tí Kò Kú: Bí Ẹ Ṣe Máa Pa Á, Kí Ẹ sì Wá Ohun Tó Fà á

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Ìpákòdó, níbí ní Ìkòròdú, ọkọ̀ kan tó ń fa yanrìn gúnlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ ti ń palẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì ò fẹ́ palẹ̀ mọ́. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ padà, ó ń ṣiṣẹ́ lọ. Wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ sápò, ó ń ṣiṣẹ́ lọ. Ọmọ iṣẹ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju ìmọ̀ rẹ̀ lọ bá fi sípánà yọ orí bátìrì. Ẹ́ńjìnì ò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àlítánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń fi iná sí bátìrì, ló mọ̀, torí òun ló jóná. Nígbà tí mo débẹ̀, ìka méjì ni mo fi pa á: mo na ọwọ́ sí ọ̀pá kékeré kan lára pọ́ǹpù tó ń pín dísù, mo tì í sẹ́yìn, ó kú. Àwọn ọmọ náà ń wò mí bí ẹni tó pe ọfọ̀.

Kì í ṣe ọfọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń fi ẹ́ńjìnì dísù ṣiṣẹ́ lórí ọ̀sà ló yẹ kó ti mọ ibi tí ọ̀pá yẹn wà kí ọjọ́ tó máa nílò rẹ̀ tó dé. Àwọn ẹ́ńjìnì àtijọ́ inú ọkọ̀ ni mò ń sọ o: Perkins 4.108 àti 4.236, Yanmar GM, Ford Lehman, Lister, Detroit 6-71, àtàwọn ẹgbẹ́ wọn tó ti dàgbà ju àwọn tó ń wà wọ́n lọ. Yamaha onípẹtiróòlù tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ èrò láàárín Ẹ̀pẹ́ àti àwọn abúlé etí ọ̀sà kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyẹn ní plọ́ọ̀gì. Tí iná plọ́ọ̀gì bá ti lọ, òun náà lọ.

Ìdí tí kọ́kọ́rọ́ fi lè má já mọ́ nǹkan kan

Ẹ́ńjìnì dísù ò ní plọ́ọ̀gì. Písítìn ló ń fún afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ títí tó fi wọ inú àyè tí kò ju bí ìdá kan nínú ogún ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá fún báyẹn á gbóná ju 500°C lọ. Tí nọ́sù bá wá fọ́n dísù sí i, á gbiná fúnra rẹ̀. Kò sí wáyà kankan nínú gbogbo èyí. Ọ̀nà méjì péré tó dáa ló wà láti pa á: kí ẹ gba dísù lẹ́nu rẹ̀, tàbí kí ẹ gba afẹ́fẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀pá kékeré ara pọ́ǹpù ló ń gba dísù lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀pá yẹn lọba. Ìránṣẹ́ ni kébù, ìyẹn wáyà irin tó ń rìn nínú awọ láti fa ọ̀pá náà, ìránṣẹ́ ni bọ́tìnì, ìránṣẹ́ ni sọ́lẹ́nọ́ìdì tó ń fi iná bátìrì ṣe iṣẹ́ pípa náà, kọ́kọ́rọ́ tí gbogbo èèyàn gbójú lé sì ni ìránṣẹ́ tó jìnnà jù lọ. Tí ìránṣẹ́ bá kú sọ́nà, ẹ lọ bá ọba fúnra yín.

Ẹ kọ́kọ́ pa á ná

Ẹ gbé jíà sí fíríì, kí ẹ mú ẹ́ńjìnì wá sí sílóò. Tó bá jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ líle dé ni, ẹ jẹ́ kó mí fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, pàápàá tó bá ní tọ́bò, ẹ̀rọ tí èéfín ń yí láti ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnì. Ẹni tó máa wọ inú yàrá ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀, kó yọ ẹ̀gbà ọrùn, kó sì rántí pé bẹ́líìtì ń yí, páìpù èéfín sì ń gbóná. Mo ti rí ẹni tí bẹ́líìtì fa etí bùbá rẹ̀ ya. Ọlọ́run ló yọ ọ́ pé aṣọ náà ti gbó.

Ẹ wá pọ́ǹpù tí àwọn páìpù irin tín-ín-rín ti ń jáde lọ sí ibi àwọn nọ́sù. Lórí pọ́ǹpù tí wọ́n ń pè ní CAV, tó wà lára ọ̀pọ̀ Perkins, ọ̀pá méjì lẹ máa rí lókè. Èyí tí wọ́n so mọ́ kébù tó ń mú kó sáré tàbí kó rọra, ẹ fi sílẹ̀. Ìkejì ni ti pípa. Ẹ tì í dé òpin, kí ẹ dì í mú síbẹ̀ títí ẹ́ńjìnì á fi dúró pátápátá. Àṣìṣe tí mo máa ń rí ni pé ẹ́ńjìnì á ti fẹ́ kú, ẹni tó dì í mú á sì jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀. Bó bá rí dísù gbà padà, á tún sọjí.

Tí ọ̀pá yẹn ò bá ṣiṣẹ́, ẹ ti tápù dísù lẹ́nu táǹkì. Ẹ má retí pé kó kú lójú ẹsẹ̀, torí dísù tó kù nínú fíltà àti họ́òsì lè gbé e fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Nígbà tó bá sì kú báyìí, éà ti wọ inú páìpù. Ẹ máa ní láti fa éà jáde kó tó tún ṣíná.

Àwọn ohun kan wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe. Ẹ má yọ orí bátìrì, ẹ má sì pa síwíìṣì ńlá bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń yí: dáyódù inú àlítánétọ̀, ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, lẹ máa fi san án. Ẹ má tú nọ́ọ̀tì páìpù nọ́sù nígbà tó ń ṣiṣẹ́, bó ti wù kí ẹnì kan sọ pé òun ti ṣe é rí. Agbára tó ń ti dísù nínú páìpù yẹn pọ̀ débi tó fi lè gún awọ ara wọlé. Ojú ọgbẹ́ ò ní ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, kò tilẹ̀ ní í dun yín tó bẹ́ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ lè bá a lọ. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà pé dísù ló gún un wọlé. Ẹ má fi òróró kankan pa á.

Àwọn Lister àti Yanmar àtijọ́ kan ní ọ̀pá lókè orí ẹ́ńjìnì (tọ́ọ̀pù) tó máa ń ṣí fáàfù sílẹ̀ kí ẹ lè rí i fọwọ́ yí. Àwọn kan máa ń fi pa ẹ́ńjìnì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Dísù tí kò jóná tán á máa dà wọlé, fáàfù ló sì máa jẹ gbèsè rẹ̀. Ọ̀pá pọ́ǹpù ni kẹ́ ẹ lò.

Tó bá ń sáré fúnra rẹ̀

Èyí yàtọ̀, ẹ̀rù sì wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ tí ohùn ẹ́ńjìnì ń lọ sókè tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan nǹkan, tí èéfín aláwọ̀ búlúù tàbí funfun ń ya jáde gìrọ̀gìrọ̀, ọ́ìlì ara rẹ̀ ló ń mu. Ẹ ti ọ̀pá pípa, ẹ ti tápù, kò ní dá yín lóhùn, torí kì í ṣe dísù inú pọ́ǹpù ló ń jẹ mọ́. Afẹ́fẹ́ nìkan ló kù tí ẹ lè gbà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ kó gbogbo èrò kúrò nítòsí. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó súnmọ́ ọn, kó sì dúró sí iwájú tàbí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì, kì í ṣe ní ẹ̀gbẹ́: tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá fọ́, ẹ̀gbẹ́ ni irin máa ń gbà jáde. Ẹ fi pákó tó nípọn bo ẹnu ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́. Ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Ẹ má fi àkísà bò ó, á fà á wọlé. Tí ẹ bá ní panápaná oní-CO2, ẹ fọ́n ọn sí ẹnu yẹn tààrà. Detroit 6-71 ní ìdérí pàjáwìrì tí wọ́n ṣe mọ́ ẹnu afẹ́fẹ́ rẹ̀ fún irú ọjọ́ yìí gan-an. Ẹ lọ wò ó lónìí bóyá ó ṣì ń ṣí, ó ń padé, torí púpọ̀ nínú èyí tí mo ti rí ni ìpẹtà ti so mọ́lẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ kò bá ṣeé dí, ẹ jáde kúrò níbẹ̀. Ẹ́ńjìnì ṣeé rà.

Lẹ́yìn tí ọkàn bá balẹ̀, ẹ fa géèjì ọ́ìlì yọ. Tí ọ́ìlì bá ti kọjá àmì, tó ṣàn bí omi, tó sì ń rùn bíi dísù, rọ́bà inú fíídì pọ́ǹpù (pọ́ǹpù kékeré tó ń fa dísù láti táǹkì) ló sábà máa ń ya, tí dísù á wá máa ṣàn wọ inú ọ́ìlì. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà náà, kẹ́ ẹ sì da gbogbo ọ́ìlì yẹn nù, ẹ má ṣe dín in kù lásán. Tí ọ́ìlì ò bá pọ̀ jù, ẹ yẹ tọ́bò àti ríǹgì písítìn wò. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn fúnra wọn ló ṣe é: wọ́n rò pé bí ọ́ìlì bá ṣe pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnì á ṣe dára sí i.

Ó ti kú. Ta ló jẹ̀bi?

Ẹ ò tíì nílò tẹ́sítà tí wọ́n fi ń wọn iná. Ẹ wá ẹnì kejì. Kí òun fa ohun tí wọ́n fi ń pa á níbi ìdúró awakọ̀, kí ẹ̀yin máa wo ọ̀pá ara pọ́ǹpù. Ṣé ó rìn? Ṣé ó rìn dé òpin, àbí ó dúró sí ìdajì? Bí ẹ bá ti rí ìdáhùn yìí, ẹ ti ṣe ju ìlàjì iṣẹ́ lọ.

Bí kò bá rìn dé òpin, ẹ tú kébù kúrò lára ọ̀pá, ẹ ṣíná, kẹ́ ẹ fọwọ́ ti ọ̀pá náà. Tí ẹ́ńjìnì bá kú, ara pọ́ǹpù yá, kébù ló ń ṣàìsàn. Tí ọ̀pá bá dé òpin tí ẹ́ńjìnì ò kú, inú pọ́ǹpù ni ẹ̀bi wà. Ẹ má tú pọ́ǹpù lórí tábìlì inú ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe pọ́ǹpù àti nọ́sù. Mo máa ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí mi ò kọ́, ṣùgbọ́n ti pọ́ǹpù, mo máa ń jọ̀wọ́ rẹ̀ fún oníṣẹ́.

Kébù ni ó sábà máa ń jẹ́. Omi Àgbádárìgì àti ti ìhà ibí máa ń ní iyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ sì máa ń wọ inú awọ kébù láti ibi tó ti sán, á wá dípẹtà pa mọ́ inú. Ọkọ̀ tó bá ń gbé apá Ẹ̀pẹ́ àti ọ̀sà Lẹ́kí, níbi tí omi ti dùn, kì í tètè rí èyí. Ẹ wo ibi mẹ́ta: ibi tí kébù ti kọ kọ̀rọ̀ jù, skúrù tó di awọ rẹ̀ mú lẹ́bàá pọ́ǹpù, àti skúrù tó di wáyà àárín rẹ̀ mú mọ́ ọ̀pá. Skúrù tó di awọ mú yẹn ló ń tàn èèyàn jù lọ. Tó bá tú, ẹ óò máa fa kébù, awọ náà lá máa rìn, ọ̀pá ò ní mira. Kébù tó bá ti le, ọ́ìlì lè ràn án lọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ra òmíràn. Ti tòkúnbọ̀ láti ọjà Ládípọ̀ náà á ṣiṣẹ́, bó bá jẹ́ pé ẹ fà á wò lọ́wọ́ kí ẹ tó sanwó, tí gígùn rẹ̀ sì bá ti tẹ́lẹ̀ dọ́gba.

Nígbà tí ẹ bá ń so ó, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí kébù má baà máa fa ọ̀pá nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, kí ó sì tún lè dé òpin nígbà tí ẹ bá fà á. Ẹni tó bá so ó le jù á bá ìṣòro mìíràn pàdé láàárọ̀ ọjọ́ kejì: ẹ́ńjìnì ò ní ṣíná, torí ọ̀pá ò padà sáyè. Ìgbà mélòó ni wọ́n ti pè mí pé bátìrì kú, tó sì jẹ́ pé wọ́n fa kébù pípa lálẹ́ àná tí wọn ò tì í padà! Wọ́n á ti yí kíkì sítátà títí á fi gbóná. Tí ẹ́ńjìnì yín bá ń da omi ọ̀sà pọ̀ mọ́ èéfín jáde, ewu tó tún wà nínú rẹ̀ ni pé omi tí kíkì yẹn ń fà wọlé kò rí èéfín tó máa tì í jáde. Á kún inú páìpù èéfín, á sì padà wọ inú písítìn. Bí ẹ bá ti yí i ní ẹ̀ẹ̀mẹta tí kò gbà, ẹ ti tápù omi ọ̀sà kẹ́ ẹ tó máa yí i lọ, kẹ́ ẹ sì ṣí i lójú ẹsẹ̀ tó bá ti mú.

Tó bá jẹ́ pé iná ló ń pa á

Oríṣi sọ́lẹ́nọ́ìdì méjì ló wà, ẹni tí kò bá mọ èyí tó wà lára tiẹ̀ á máa ra èyí tí kò yẹ. Ọ̀kan nílò iná kí ẹ́ńjìnì tó lè ṣiṣẹ́. Tí iná bá lọ, á kú. Èkejì ò nílò iná àfi ìgbà tí ẹ bá fẹ́ pa á. Ẹ pa ariwo gbogbo tó wà nítòsí, kẹ́ ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láì ṣíná. Tí ẹ bá gbọ́ "kọ́" lára pọ́ǹpù, irú kìíní ni. Tí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan àfi ìgbà tí ẹ tẹ bọ́tìnì pípa, irú kejì ni.

Irú kejì ni ìyà ń jẹ jù nínú ọkọ̀ omi, torí gbogbo wáyà tó bá jẹrà ló máa sọ ọ́ di aláìgbọràn. Ẹ fi tẹ́sítà sí orí wáyà rẹ̀, kí ẹnì kan tẹ bọ́tìnì. Lórí bátìrì 12V, tí ohun tó dé ibẹ̀ bá kéré sí 10V, ẹ má ra sọ́lẹ́nọ́ìdì. Fíúsì, rílè, bọ́tìnì tàbí orí wáyà tó ti yọ ìpẹtà aláwọ̀ ewé ló ń jẹ iná. Tí iná bá pé tí kò sì mira, ẹ fi wáyà kan so ara rẹ̀ mọ́ orí bátìrì olódì, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá fò, ẹ́ẹ̀tì ló ti bàjẹ́, tí ẹ bá fi sáńpépà nu ibi tí wọ́n ti dè é, iṣẹ́ parí. Ẹ má tẹ bọ́tìnì pẹ́. Sọ́lẹ́nọ́ìdì tí ohun ìdènà kò jẹ́ kó dé òpin máa ń fa iná púpọ̀, láìpẹ́ ẹ óò máa gbọ́ òórùn rẹ̀.

Irú kìíní, tó bá kọ̀ tí kò kú, ohun mẹ́ta ni mo máa ń wá. Àkọ́kọ́, ṣé iná ṣì ń bẹ lórí wáyà rẹ̀ lẹ́yìn tí kọ́kọ́rọ́ ti padà? Tó bá wà, ẹ yọ wáyà náà, ẹ́ńjìnì á kú. Kọ́kọ́rọ́ lè ti jóná nínú, tàbí kó jẹ́ pé àlítánétọ̀ ló ń dá iná padà gba wáyà gílóòbù àmì bátìrì wá; réwáyà tó mọṣẹ́ á fi dáyódù kan dí i lọ́nà. Èkejì, ìdọ̀tí tàbí rọ́bà tó ti jẹ lórí pín-ìn inú rẹ̀, irin kékeré tó ń dí dísù lọ́nà: dísù á máa yọ́ kọjá, ẹ́ńjìnì á máa ṣe kùkùkù ní sílóò bí ẹni tó ń kùn. Ẹ tú u, ẹ fi dísù mímọ́ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wo sípíríǹgì rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló ń bí mi nínú. Ẹ óò tú sọ́lẹ́nọ́ìdì, ẹ ò ní bá pín-ìn kankan nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí sọ́lẹ́nọ́ìdì kọ̀ tí ẹ́ńjìnì ò ṣíná, mẹkáníìkì kan yọ pín-ìn náà jù sínú ọ̀sà kí ọkọ̀ lè rìn, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ rìn lóòótọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ò ti ní ìtumọ̀ mọ́. Ti ọkọ̀ oníyanrìn Ìpákòdó tí mo fi bẹ̀rẹ̀, òun gan-an nìyẹn. Bí ó bá di dandan kí ẹ yọ pín-ìn lójú omi, ẹ kọ ọ́ sára pátákó kọ́kọ́rọ́ gàdàgbà-gàdàgbà, kẹ́ ẹ sì fi han gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ibi tí wọ́n máa ti fọwọ́ pa á.

Ẹ́ńjìnì tó ti sùn pẹ́

Ọkọ̀ tó bá ti wà nílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ẹ má kàn fò mọ́ kọ́kọ́rọ́. Nínú pọ́ǹpù tí àwọn páìpù rẹ̀ tò sórí ìlà, irú èyí tó wà lára Ford Lehman, irin kan wà nínú tó ń lọ tó ń bọ̀ láti sọ iye dísù tó máa jáde. Dísù tó lómi nínú lè jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ibì kan. Tó bá lẹ̀ mọ́ ibi tí dísù ti ń ya púpọ̀, bí ẹ bá ti ṣíná báyìí ni á sáré lọ, ọ̀pá pípa ò sì ní lè fà á padà. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ ti ọ̀pá náà lọ tì í bọ̀, kẹ́ ẹ rí i pé ó ń padà fúnra rẹ̀. Tó bá le, kò gbọdọ̀ ṣíná. Tó bá sì rọ̀, ẹ ṣì fi pákó sẹ́bàá ẹnu afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ yẹn, kí ẹnì kan dúró tì í.

Koríko omi tó dé ìlà omi Àgbádárìgì ní 1984 ló kọ́ ọ̀pọ̀ wa ní ìwúlò gbogbo èyí. Bó bá dí ẹnu ibi tí ọkọ̀ ti ń fa omi, ẹ́ńjìnì á gbóná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ pa á nígbà yẹn, kì í ṣe ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ bá wá sípánà rí.

Kí ẹ tó gbé e fún onínǹkan

Ẹ ṣíná, kẹ́ ẹ pa á láti ibi ìdúró awakọ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nígbà tó tutù, ẹ̀ẹ̀mejì nígbà tó ti gbóná dáadáa, torí kébù míì wà tó jẹ́ pé ooru ló ń mú kó le. Ẹ fi ọ̀dà pupa kun ọ̀pá pípa. Ẹ gé pákó tó bá ẹnu afẹ́fẹ́ mu, kẹ́ ẹ fi okùn so ó kọ́ sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ́ńjìnì, kì í ṣe nínú yàrá náà. Kí ẹ sì pe ọmọ tó kéré jù nínú ọkọ̀, kó pa ẹ́ńjìnì náà lójú yín, lọ́wọ́ ara rẹ̀, láì fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́.